Irin Mẹ́ta Tí Kò Dé Orí Áàpù

Díẹ̀ ló kù kí n da kọnkéré sórí irin tí kò pé lónìí, nílé tí à ń kọ́ ní Ìyànà Ìyẹsí.

Ẹ̀rọ ti ń po kọnkéré nígbà tí Bàbá Ṣakí, tó ń bá wa tẹ irin, nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró. Irin mẹ́ta ò sí níbi bákónì."

"Bàbá, ìgbà wo lẹ rí i?"

"Láti àná ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi jábọ̀ lórí áàpù tí mo gbé sórí fóònù yín? Ṣebí mo kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lò ó."

"Màdáàmù, Súlè tá a jọ ń tẹ irin jábọ̀ àṣìṣe tiẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní kó máa lọ sílé. Ta ló tún máa fọwọ́ kan áàpù yẹn?"

Mo ti ń pe àwọn òṣìṣẹ́ mi ní ọ̀lẹ torí pé wọn kì í lo áàpù náà. Àṣé ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n.

Mo dá iṣẹ́ dúró, mo sì fi fóònù pe Súlè padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí òṣìṣẹ́, kí lẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀?