Ọwọ́ Òsì Tó Ti Bílówà ní Ìgbẹmọ

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, ní Ìgbẹmọ. Ènìyàn méjì péré ló wà nínú ilé tí wọ́n ti ń mú ìrẹsì gbẹ: èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ìrẹsì. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì mọ èrè tí mo fẹ́ rí nínú irọ́. Ojú mi méjèèjì ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń ṣe l'Ádó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í mú ilé tutù, ìrẹsì ló ń mú gbẹ. Bílówà ńlá kan, ìyẹn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ní fáànù nínú, wà nínú àpótí irin, tó ń fẹ́ ooru iná èédú wọ abẹ́ ìrẹsì tí wọ́n bá tẹ́ sórí asẹ́. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa, n kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Òjò ti ń rọ̀ láti àná. Gbogbo ìrẹsì oko Màmá Ìrẹsì ló wà lórí asẹ́, wọ́n ti bọ̀ ọ́, ó ṣì rin gbindin. Bí kò bá gbẹ di ọjọ́ kejì, yóò kan, adìyẹ ni yóò sì jẹ ẹ́. Bílówà ń kùn lásán, kò yí.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá Dúpẹ́," ni Màmá Ìrẹsì wí. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Àbí ẹ̀yin tí ẹ kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, irin lẹ óò wá bá sọ̀rọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo pa iná mànàmáná, mo ṣí àpótí, mo fi ọwọ́ yí fáànù inú rẹ̀. Ó yí wẹ́rẹ́, kò há. Mo wo kapásítọ̀, ìyẹn agolo kékeré tó ń fún un lágbára láti gbéra. Ó ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀bà àjẹjù. Adó nìkan ni mo ti lè rí òmíràn, àwọn ìsọ̀ sì ti ń tì.

Ọgbọ́n kan wà. Ẹnì kan yóò tan iná, ẹnì kejì yóò fi igi ti fáànù lẹ́ẹ̀kan, fáànù yóò sì máa yí lọ sí ibi tí wọ́n bá tì í sí. Bẹ́ẹ̀ lèmi àti ìyàwó mi máa ń ṣe é. Súìṣì wà ní yàrá kejì, èmi ni mo máa ń dúró níbẹ̀. Òun yóò kan àpótí lẹ́ẹ̀mejì, n óò tan iná, yóò sì tì í. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ̀yìn ló máa ń tì í sí ṣáá, bó bá sì ń yí sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í le. N óò pariwo láti yàrá kejì: "Òdìkejì!" Òun yóò máa rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí Màmá Ìrẹsì lọ dúró ti súìṣì. "Bí ẹ bá gbọ́ tí mo kan irin lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tan án."

Ó lọ. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá igi. Mo rí ọ̀kan, mo ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kò, kò.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tíì dé ìdí àpótí náà.

Iná dé. Bílówà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Fáànù mì díẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn bà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kíákíá.

Ẹ̀yìn ló ń yí sí.

Màmá Ìrẹsì yọjú. "Ẹ kú orí ire! Mo gbọ́ nígbà tí ẹ kàn án."

"Èmi kọ́," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó wo igi ọwọ́ mi. Ó wo fáànù. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà. "Jésù! Ọwọ́ òsì," ló wí.

Mo la ẹnu láti pe ìyàwó mi. Ó dì mí lápá mú. "Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Bó bá dáhùn ńkọ́?"

Ẹ lè ní atẹ́gùn òjò ló tì í. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé atẹ́gùn náà ló kan irin lẹ́ẹ̀mejì?

Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le. Mo mọ̀ pé kò ní tó fún ìrẹsì yẹn. Ohun tó yẹ ni kí n pa iná, kí n fi igi tì í bó ṣe yẹ. Mo dé ìdí súìṣì, mo gbé ọwọ́ lé e. N kò lè pa á.

Màmá Ìrẹsì mú igi méjì tí wọ́n fi ń yí ìrẹsì padà lórí asẹ́, ó na ọ̀kan sí mi. "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí atẹ́gùn rẹ̀ kò bá tó, apá tiwa wà níbẹ̀."

À ń yí ìrẹsì padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ń fọwọ́ kan ara bílówà lóòrèkóòrè, nítorí bí kapásítọ̀ bá kú, ó yẹ kó gbóná débi tí yóò fi jóná. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ara ènìyàn.

Ìrẹsì gbẹ. Kò sí èyí tó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan kan irin, tí ẹ kò sì mọ ẹni tó kàn án, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò nínú fáànù. Díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ tèmi wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ náà, mo lọ sí Adó, mo ra kapásítọ̀ tuntun, mo padà wá dè é mọ́ ọn. Bílówà gbéra fúnra rẹ̀, ó yí bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ le. Mo pa á. Mo kan irin náà lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró díẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá gbé igi tí mo fẹ́ fi ti fáànù tẹ́lẹ̀ ti àpótí, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo sì lọ sílé.