Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Kò Sọ́mọ Nílé

Ẹ má dán an wò kí ẹ bi ìyá ọkọ mi pé ọmọ mélòó ló bí. Ariwo ló máa fi lé yín jáde. Wọn kì í ka ọmọ lójú rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá wa tọ́jú ọmọ ní Mgbuoba, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Nínú gbogbo Pidgin tí wọ́n ń sọ ní Port Harcourt, "no dey", ìyẹn "kò sí", nìkan ló mọ̀. Òun ló fi ń lé àwọn tó ń kiri ọjà.

Lọ́dún náà, èéyi wọ yáàdì wa. Ọmọ yàrá kejì ti dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, gbogbo ara rẹ̀ sú. Ọmọ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi. Bó bá sín lásán, àyà mi á já.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba dé. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ: wọ́n á ka àwọn ọmọdé, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye wọn sára ilẹ̀kùn. Ìyá rí i tí wọ́n ń nàka sí àwọn ọmọ yàrá kejì, tí wọ́n ń kà wọ́n. Ó yáa ti ọmọ mi mọ́lé, ó dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà.

"No dey," ló wí fún wọn.

Òdo ràbàtà ni mo bá lára ilẹ̀kùn nígbà tí mo dé.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá, ọmọ mi dà?"

"Ó ń sùn. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kà á."

Inú bí mi, orí mi gbóná. Mo pọn ọmọ, ó di eré. Ìyá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Rumuokwurushi nígbà tí mo figbe ta. Ọ̀kan wo ọmọ ẹ̀yìn mi, ó wo Ìyá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín pa á.

"Mama, pikin don dey?"

Ó ṣí kúlà rẹ̀, ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọmọ ké tòò. Háà, igbe yẹn dùn mọ́ mi! Ìyá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èéyi jà káàkiri yáàdì kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Kò kan tèmi. Ọmọ yàrá kejì náà gbádùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àwọn ènìyàn nù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi wá balẹ̀, mo lè sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi òrí pa á lára. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

"Mẹ́rin ni mo bí," ó ní. "Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kà wọ́n nílé wa, gbogbo wọn ń ṣeré lójú mi. Ọdún ò yí po tí èéyi fi kó mẹ́ta. Ọkọ rẹ ló ṣẹ́ kù."

Omi bọ́ lójú mi. Òun kò sunkún, ó ṣáà ń pa òrí lọ.

"Wọ́n kàn kà wọ́n ni, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹnì kankan ò mú abẹ́rẹ́ wá. Alihamudulilahi, èyí gba tiẹ̀."