Ìgò Kìíní Láti Apá Òsì

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà, láàárín àwọn ọdún 1960, ohun tó kọ́kọ́ rí mi lára ni àwọn ìgò inú láábù. Orúkọ àtijọ́ ló wà lára gbogbo wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ sípíríìtì igi, èkejì ń jẹ́ sípíríìtì lásán. Ẹ gbà mí o! Ṣé orúkọ nìyẹn?

Èmi, òfin tí wọ́n fi ń sọ kẹ́míkà lórúkọ ni mo mọ̀. Wá okùn káábọ̀nù tó gùn jù, kí o kà á. Ọ̀kan ni mẹ́tì, méjì ni ẹ́tì, mẹ́ta ni pópì. Bó bá jẹ́ ọtí ni, fi ọ́ọ̀lù parí ẹ̀. Bó bá ní ẹ̀ka, bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà máa fi kéré jù. Ó dá mi lójú pé tí orúkọ bá ti pé, kò sẹ́ni tó lè ṣì í gbé.

Bàbá kan ló ń tọ́jú láábù náà, Bàbá Láábù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá geere, ṣùgbọ́n wọn ò lè ka òyìnbó. Ibi tí ìgò wà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. "Mísì, ọwọ́ mi mọ ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn," ni wọ́n sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín.

Orúnkún ń dùn wọ́n. Tíṣà òyìnbó tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti gbà kí wọ́n máa bu díẹ̀ nínú ìgò kìíní láti apá òsì, sípíríìtì lásán, tí í ṣe ojúlówó ọtí, kí wọ́n fi rẹ èèpo igi tí wọ́n ń mu. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í fẹnu kan ọtí. "Oògùn ni o, Mísì, kì í ṣe ọtí." Mo mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé mo mọ̀ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn lábúlé ni mo lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun. Mo tún ìgò tò: káábọ̀nù kan ṣáájú, méjì tẹ̀lé e, mẹ́ta kẹ́yìn. Bí mẹtanọ́ọ̀lù, sípíríìtì igi àtijọ́ yẹn, ṣe bọ́ sí ibi kìíní láti apá òsì nìyẹn. Májèlé ni. Ó máa ń fọ́ni lójú kó tó pani. Èmi fúnra mi ló ń kọ ọ́ sójú pátákó fáwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà, ẹ kú ìrìn. Ẹ ò rí i bí láábù wa ṣe dára?" Wọ́n wo lébẹ́ẹ̀lì funfun, wọ́n ní ó mà rẹwà o. Mi ò sọ pé mo ti pààrọ̀ ipò àwọn ìgò. Kí ni mo tún fẹ́ sọ, nígbà tí orúkọ wà lára ìgò gàdàgbà?

Lọ́jọ́rú, ohun inú ìgò kìíní ti dín kù. Mo sọ fún ara mi pé ooru ló fà á gbẹ, pé n ó bi wọ́n tí mo bá kúrò ní kíláàsì. Mi ò bi wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń nu ojú. "Mísì, ọyẹ́ yìí mà pọ̀ o. Mi ò rí géètì."

Ọyẹ́ kankan ò sí. Oòrùn ń ràn yòò. Háà, mo pariwo! Takisí la fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin wọn fà wọ́n lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ti pinnu pé n ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá béèrè ẹni tó gbé ìgò yẹn síbẹ̀.

"Èmi ni mo ṣì í gbé, sà. Àgbà ló dé." Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mísì gbọ́ pé ojú yìí ò ní là mọ́. Ọmọ dáadáa ni. Á sunkún."

Ọ̀gá wò mí. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín èmi àti Bàbá. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi kí wọ́n má baà gbọ́ èémí mi, mi ò sì sọ̀rọ̀ títí ọmọ wọn fi fà wọ́n jáde.