Òótọ́ Tí Rìnsọ́lá Sọ Fọ́mọ Díákónì

Gbogbo ìjọ tó ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Berea ló mọ̀ pé Rìnsọ́lá ti ṣe sójà rí nílé kó tó ṣí wá. Ní Johannesburg níbí, ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Fourways, báàgì àwọn obìnrin ló sì ń yẹ̀ wò látàárọ̀ dalẹ́. Ó ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ títí pé kó fi òun sára àwọn tó ń gbé ìbọn wa ọkọ̀ kiri. Èsì kan náà ló ń gbọ́: "Mama, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn."

Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 2009, Díákónì Àjíṣafẹ́, tó jẹ́ ẹnjiníà, dá a dúró lẹ́yìn ìsìn. Tẹjúmádé, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ó ní iṣẹ́ ológun lòun ó ṣe, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé, ti àwọn tó ń kojú ọ̀tá gan-an ni.

"Sister Rìnsọ́lá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni Díákónì wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tójú yín rí. Ẹ sọ fún un pé obìnrin ò wúlò lójú ogun."

"Ṣé òótọ́ lẹ fẹ́ kí n sọ fún un, sà?"

"Òótọ́ náà ni."

Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Rìnsọ́lá sọ ti ogun Làìbéríà, níbi tí wọ́n rán an lọ nígbà tó ń ṣe sójà. Dírẹ́bà ló jẹ́, oúnjẹ ló ń kó, torí wọn kì í fi obìnrin sára àwọn tó ń jà. Lẹ́bàá oko rọ́bà kan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ da ìbọn bo ọkọ̀ wọn, ọta sì ba ẹni tó jókòó tì í nítan. Rìnsọ́lá gba ìbọn ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sígbó, ó ń yìn ín títí ọkọ̀ sójà mìíràn fi dé bá wọn.

"Ṣé ẹ̀rù bà yín, Aunty?" Tẹjúmádé bi í.

"Ó bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Sójà ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa náà tọ̀ sára. Nígbà tá a dé bárékè, òun ló ń sọ kiri pé òun gbà mí là. Mo sọ tèmi, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Bó o bá lọ, o lè kú, o sì lè pààyàn; kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun kì í béèrè bóyá ọkùnrin lèèyàn kó tó dé bá a."

Ojú Díákónì ti le. "Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ sọ kọ́ nìyẹn. Obìnrin ló ń bímọ. Bí gbogbo wọn bá kú sójú ogun ńkọ́?"

"Èmi náà bímọ lẹ́yìn tí mo ti ojú ogun dé, sà."

Díákónì dìde. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà làwọn obìnrin ìjọ ti ń yẹra fún Rìnsọ́lá. Wọ́n ní ó ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Olúyẹmí ọkọ rẹ̀ ní kó lọ tọrọ àforíjì.

"Òtítọ́ korò," ló wí. "Ṣé dandan ni kí ìwọ bù ú fún Díákónì mu?"

"Òun ló gbé ife wá," ni Rìnsọ́lá fèsì. Kò lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bá Tẹjúmádé pàdé níbi tí wọ́n ti ń wọ taxi. Ọmọ náà ní iṣẹ́ ìṣirò owó lòun ń kọ́.

"Dádì ní bí mo bá wọṣẹ́ ológun, kí n má pe òun ní bàbá mọ́."

"Ṣé èyí tó ò ń kọ́ wù ọ́?"

"Ó shap, kò burú, Aunty," ló wí, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Taxi dé, Rìnsọ́lá wọlé. Inú ń bí i, kò sì rí ẹni tí yóò kó ìbínú náà lé lórí.