Káàdì Àlejò Tí Bo Kọ ní Hyattsville

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, ọdún tí mo jáde yunifásítì. A pa iná gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Hyattsville, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fíìmù sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣètò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ báyìí, ohun tí mo rí nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Lin, obìnrin ará Ṣáínà tó ya fíìmù náà, fi ọdún mẹ́fà tẹ̀lé àwọn tó ń ṣa ike àti páálí, tí wọ́n ń gbé lábẹ́ afárá. Kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì fòfin de fíìmù náà ní Ṣáínà. Ẹgbẹ́ wa, tó ń jà fún àwọn ayálégbé tí wọ́n ń lé jáde, ló ní ká fi í hàn. Ohun kan ṣoṣo ni Lin bẹ̀ mí fún: "Ẹ má gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀." Mo gbà.

Ṣùgbọ́n Màmá Adéọlá ló ń gba àlejò. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó máa wọ ìjọ wa lẹ́ẹ̀kíní tí wọn ò ní fún ní káàdì: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, àti ohun tí a ó bá a gbàdúrà lé lórí. Mo rí káàdì lọ́wọ́ wọn, mo sún mọ́ wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò tòní..."

"Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò nílé yín nìyẹn, láìbéèrè orúkọ? Lọ to àga, jàre."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ to àga.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí ọmọ yóò ṣe bí àgbà bá ń ṣìṣe.

Ọkùnrin ará Ṣáínà kan, Bo, náà gba káàdì. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú fíìmù náà: òun ló gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń fi kóńdó wó ahéré wọn. Ibẹ̀ gan-an la wò dé nígbà tí ilẹ̀kùn dún gbàà. A rò pé inú fíìmù ni.

Ọkùnrin mẹ́rin wọlé, wọ́n bo ojú. Èyí àkọ́kọ́ fi irin fọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri. Àwòrán kú, ṣùgbọ́n ohùn ò kú. Kóńdó inú fíìmù ń dún, irin tiwọn náà ń dún. Wọ́n gbá Lin lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ta sára ìwé orin. Bo fi ara bò ó. Mo gbọ́ ìgbà tí egungun apá Bo ṣẹ́.

Màmá gbé àga sókè. "Nínú ilé Ọlọ́run? Ẹ kọ́kọ́ pa mí!"

Wọ́n ti Màmá lu òpó. Abẹ́ tábìlì ni èmi wà. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó gbé àpótí tí Màmá ń kó káàdì àlejò sí. Mi ò lè sọ pé ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn. Ó gbé e, wọ́n sì lọ.

Ní ọsibítù ní Largo, Bo bi wá pé, "Káàdì mi dà?" Ó ní òun kọ orúkọ ìyá òun síbi àdúrà, àti abúlé tó sá pa mọ́ sí.

Màmá di orí mú. "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ kó hàn."

"Mà, Lin ti kìlọ̀ fún mi."

"O mọ̀? O wá dákẹ́?"

"Mo dákẹ́, mà."

A tún fi fíìmù náà hàn lẹ́yìn oṣù méjì, èrò kún, a wò ó tán. Èrè wa nìyẹn. Àwọn kan ní ìjọba ló rán àwọn ọkùnrin náà. Mi ò ní ẹ̀rí. Lin ní ẹnìkan sọ fún òun pé ìyá Bo ti kó lọ síbòmíràn. Èyí náà, mi ò lè jẹ́rìí sí i. Bo fi Maryland sílẹ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún mi. Kò jẹ mí ní àlàyé kankan.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni ti ọsibítù. Apá Bo ò ṣeé gbé, èmi ni mo di fóònù mú sí i létí. A pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Fóònù náà ń dún. Kò sí ẹni tó gbé e.