Ẹsẹ̀ Tí Ìyá Mi Ń Rán Níṣẹ́

Níbikíbi tí òórùn atalẹ̀ bá ti kan imú mi, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ oṣù ààwẹ̀ ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa, ni ọkàn mi ń padà sí. Ìyá mi á ti gbé kókó kaná lẹ́yìnkùlé, ẹ̀kọ mímu tó ta lẹ́nu dáadáa. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, á máa yọjú láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni pé ìkòkò kọ́ ló ń wò.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá. Oúnjẹ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi ṣínu. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni aránṣẹ́. Ìyá mi á da kókó sínú abọ́ onídérí, á fi aṣọ wé e, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lábẹ́ apá, á ní, "Sáré. Bí wọ́n bá pèrun kó o tó dé, ebi á pa ìyá mi. Bó o bá sì dà á nù, má padà wálé." Kò sẹ́ni tó gba èyí tó kẹ́yìn gbọ́.

Mo mọ bí a ṣe ń yẹ̀ fún alùpùpù zémidjan, bí a ṣe ń fi èjìká la àárín àwọn tó ń ra búrẹ́dì kọjá, bí a ṣe ń ṣẹ́rí lójijì nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá na ẹsẹ̀ láti gbé mi ṣubú. Ààwẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́ ìkà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣubú, níwájú ilé ìwé wa. Ìgúnpá mi bó, ṣùgbọ́n abọ́ náà wà láyà mi bí ọmọ tuntun. Ìyá àgbà mu ún, ó ní atalẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni mo ti bá bọ́ọ̀lù tiwọn pàdé, èyí tó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ kékeré, tí wọ́n ń gbá mọ́ra sáré. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olùkọ́ fi ní èmi ni kí wọ́n máa gbé e lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo dàgbà, ọdún mẹ́jọ ni mo fi iṣẹ́ yẹn jẹun.

Ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ fi fídíò eré mi han Ìyá mi, ó pè mí. "Kí lo jí, tí gbogbo àwọn ọkùnrin gìrìwò yìí fi ń lé ọ? A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán." Mo rẹ́rìn-ín títí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wálé, kí n fojú ara mi rí ọ. Ojú yìí ti ń ṣú."

Mo ní tí sáà eré yìí bá parí, n ó wá. Sáà parí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi. Lọ́dún kejì, mo tún ní tí sáà bá parí. Bàbá mi a máa rán mi létí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, èmi á ní mo ti gbọ́. Àárò wọn ń sọ mí gan-an, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú Ìyá mi á dúró dè mí.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi méjèèjì kọ̀ jálẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní kí n máa lọ sílé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Mo wọkọ̀ láti Kutonu, mo sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, mo sì rìn wọ àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró sinmi. Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí mi gan-an, kò sì rí nǹkan kan. Mo rìn sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ pe orúkọ mi.

Ó gbọ́ bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ rọra." Ó wá késí àbúrò mi nínú ilé pé kó gbé àga jáde, kí bàbá àgbàlagbà yìí rí ibi jókòó sí.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà kí n tó dárúkọ ara mi fún un.