Ugbá ni ti ìyá àgbà mi

Wọ́n ti sọ ugbá ìyá àgbà mi di igbá o!

Èmi ni mo gbé e fún mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan ní Àkúrẹ́ níbí. Mo lọ wò ó lónìí, wọ́n kọ "igbá" síwájú rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ugbá ni mo pè é fún yín."

Alábòójútó ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, àṣìpè nìyẹn. Igbá ni Yorùbá gidi."

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó dá ìyá náà lóhùn pé, "Ẹ má dúró dè mí o, mi ò ní tètè dé ulé."

Ulé kẹ̀! Ṣé ilé ò sí nínú Yorùbá gidi ni?

Mo yọ báírò, mo fagi lé "i", mo kọ "u" gàdàgbà.

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, kí lẹ ń pè é ní ulé tiyín? Ẹni tó bá fẹ́ igbá, kó wá a lọ síbòmíràn.